Bí Títa Ilé Ṣe Ń Lọ Nílùú Èkó

Ẹni tó bá fẹ́ ta ilé l'Ékòó sábà máa ń kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò kun ilé náà lọ́dà, bẹ́ẹ̀ ìwé ilé ni lọ́yà olùrà máa kọ́kọ́ béèrè. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, abala 22 rẹ̀ sì sọ pé ẹni tó ní C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni, kò gbọdọ̀ gbé ẹ̀tọ́ orí ilẹ̀ rẹ̀ fún ẹlòmíràn láìgba àṣẹ lọ́wọ́ gómìnà. Ọdún 99 ni C of O sábà máa ń ní, nítorí náà ẹni tó ra ilé tí C of O rẹ̀ jẹ́ ti ọdún 1985, ọdún tó ṣẹ́ kù ló rà.

Lọ́yà olùrà yóò mú ìwé náà lọ sí Aláùsá láti yẹ̀ ẹ́ wò nínú àkọsílẹ̀ ìjọba. Yóò tún béèrè àwòrán sáfè, pláànù ilé tí ìjọba fọwọ́ sí àti rìsíìtì Land Use Charge, ìyẹn owó tí ìjọba Èkó ń gbà lórí ilẹ̀ àti ilé lọ́dọọdún. Gbèsè iná ìjọba náà yẹ ní sísan kí ẹnikẹ́ni tó wá wo ilé.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń ta kókó jù ni ilé tí bàbá kú fi sílẹ̀. Bí orúkọ olóògbé bá ṣì wà lórí ìwé, àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún ní Ilé Ẹjọ́ Gíga, àyàfi bí bàbá bá ti ṣe ìwé ìhágún. Bó bá jẹ́ ilé ẹbí, ilé ẹjọ́ kò ka títà tí ọmọ ẹbí kan dá ṣe lẹ́yìn olórí ẹbí sí títà rárá; bí olórí ẹbí náà bá sì tà á láìgba ìyọ̀ǹda àwọn àgbà ẹbí, wọ́n lè mú un lọ sí kóòtù kí wọ́n wọ́gi lé e. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ògiri l'Ékòó fi ní àkọlé pé ilé yìí kì í ṣe títà, ẹ ṣọ́ra fún 419. Ẹ má tíì pa àkọlé yẹn rẹ́ títí gbogbo ọmọ yóò fi fọwọ́ síwèé.

Ní ti ilé fúnra rẹ̀, òrùlé àti omi ni kí owó kọ́kọ́ bá. Olùrà tó gbọ́n máa ń wá lẹ́yìn òjò, yóò gbójú sókè wo àbàwọ́n tó rí rondo lára sílìǹ, yóò sì fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ògiri bóyá ó tutù. Ọ̀dà tuntun kì í bo irú àṣírí bẹ́ẹ̀ pẹ́.

Ẹ̀yìn èyí ló kan àgéǹtì. Ìjọba Èkó ní àjọ LASRERA tó ń forúkọ wọn sílẹ̀, ó sì yẹ kí onílé béèrè ẹ̀rí rẹ̀. Náírà 5 lórí náírà 100 kọ̀ọ̀kan ni owó iṣẹ́ wọn sábà máa ń jẹ́. Lórí ilé ọgọ́rin mílíọ̀nù náírà, mílíọ̀nù mẹ́rin nìyẹn. Ṣùgbọ́n àgéǹtì kan á fi fọ́tò ránṣẹ́ sí òmíràn lórí WhatsApp, ìyẹn á tún fi ránṣẹ́ síwájú, ẹni mẹ́rin á sì fẹ́ pín owó kan náà. Àwọn mìíràn á béèrè iye tí onílé fẹ́ gbà, wọ́n á sì bu tiwọn lé e lórí: ilé ọgọ́rin mílíọ̀nù á di márùndínlọ́gọ́rùn-ún, á sì jókòó sọ́jà lọ́dún gbáko. Ìwé àdéhùn tó dárúkọ iye tí wọ́n á pe ilé, owó iṣẹ́ àti ọjọ́ tí àṣẹ náà máa parí ló ń dáàbò bo onílé.

Báńkì ni owó ilé gbọ́dọ̀ gbà, nítorí òfin ọdún 2022 tó gbógun ti sísọ owó ìwà ọ̀daràn di owó mímọ́ (money laundering) kò gba ẹnì kan láàyè láti san ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ lówó ọwọ́. Olùrà ló sábà ń náwó lórí àṣẹ gómìnà, ṣùgbọ́n olùtà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn títà àti fọ́ọ̀mù ìbéèrè àṣẹ náà. Lọ́yà tó mọṣẹ́ kì í jẹ́ kí owó tó kẹ́yìn jáde kí ìfọwọ́sí méjèèjì tó wọlé, torí ẹni tó talé tán tó sì ti kó lọ sí Kánádà kì í rọrùn láti wá rí.