Ọ̀nà méjì tí fọ́tò ń gbà kúrò nínú kámẹ́rà kékeré wọ inú Linux

Kó tó di pé fóònù gba iṣẹ́ náà mọ́ wọn lọ́wọ́, kámẹ́rà pélébé tó ń wọ àpò ni ọ̀pọ̀ ìdílé fi ń ya ìsọmọlórúkọ àti ìgbéyàwó: Canon PowerShot, Nikon Coolpix, Sony Cyber-shot. Púpọ̀ nínú wọn ṣì ń ṣiṣẹ́, inú dúrọ́ọ̀ ni wọ́n kàn wà. CD tó bá wọn wá nínú páálí kò mọ̀ ju Windows àti Mac lọ, èyí ló sì jẹ́ kí àwọn èèyàn máa rò pé ẹni tó ń lo Linux kò lè rí fọ́tò rẹ̀ kó jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Linux kò nílò CD yẹn rárá. Ohun tó yẹ kéèyàn mọ̀ ni ọ̀nà tí kámẹ́rà ọwọ́ rẹ̀ ń gbà bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní ń jẹ́ USB Mass Storage. Kámẹ́rà tó bá ń lò ó dà bí onísọ̀ tó kó kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ rẹ̀ fún oníbàárà pé kó wọlé lọ mú ohun tó fẹ́. Bí wọ́n bá ti ki okùn USB bọ̀ ọ́, kernel, ọkàn Linux fúnra rẹ̀, á kà á sí fláàṣì lásán, á fún un lórúkọ bíi /dev/sdb, fódà rẹ̀ á sì yọ láìpẹ́.

Èkejì ni PTP (Picture Transfer Protocol, ìlànà ìfi-fọ́tò-ránṣẹ́), tó di ìlànà àgbáyé lábẹ́ nọ́ńbà ISO 15740. Níbí, onísọ̀ kò fún ẹnikẹ́ni ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀yìn káńtà ló dúró sí. Kọ̀ǹpútà á béèrè pé, "Kí lẹ ní nílẹ̀?" Kámẹ́rà á ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà á ní kó gbé ẹyọ kan wá, kámẹ́rà á wọlé lọ gbé e. Kọ̀ǹpútà kò fọwọ́ ara rẹ̀ kan mẹ́mọ́rì káàdì, nítorí náà kò sí /dev/sdb kankan tó máa jáde. Ẹni tó bá ń wá a níbẹ̀ lè wá a dọ̀la, kò ní rí i, bẹ́ẹ̀ kámẹ́rà rẹ̀ kò bàjẹ́. Àwọn èèyàn máa ń bú PTP, ṣùgbọ́n ó ní oore tó ń ṣe: nígbà tó jẹ́ pé kámẹ́rà nìkan ló ń fọwọ́ kan káàdì rẹ̀, kọ̀ǹpútà kò lè da ètò inú rẹ̀ rú.

Ọ̀pọ̀ PowerShot, PTP nìkan ni wọ́n gbọ́. Cyber-shot púpọ̀ àti àwọn Coolpix àtijọ́ kan gbọ́ méjèèjì. Inú mẹ́nù, níbi tí wọ́n kọ USB sí, lèèyàn ti ń yan èyí tó wù ú kó tó ki okùn bọ̀ ọ́.

Ẹni tó ń bá Linux túmọ̀ èdè PTP ni àkójọ kan tó ń jẹ́ libgphoto2. Shotwell àti digiKam, tí wọ́n fi ń to fọ́tò, àti ibi ìwo-fódà GNOME, ojú iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ Linux ń lò, òun ni gbogbo wọn gbára lé lábẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn terminal, ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ, lè lo gphoto2 fúnra rẹ̀. Bó bá tẹ `gphoto2 --auto-detect`, orúkọ kámẹ́rà á jáde. Bó bá tẹ `gphoto2 --get-all-files`, gbogbo fọ́tò á kó ara wọn wá sínú fódà tí terminal wà lásìkò náà. Bí orúkọ kò bá jáde, kó tẹ `lsusb`, tó ń to gbogbo ohun tó wà lójú USB sílẹ̀. Bó bá rí 04a9 (Canon), 04b0 (Nikon) tàbí 054c (Sony) níbẹ̀, okùn ti dé ibi tó ń lọ. Bí kò bá rí nǹkan kan, okùn gan-an ni kó kọ́kọ́ pààrọ̀, kó sì rí i pé kámẹ́rà wà ní títàn. Ọ̀pọ̀ okùn ló wà níta tó ń gbé iná ṣùgbọ́n tí kò ní wáyà tó ń gbé fáìlì.

Ibi tó ti ń sú ọ̀pọ̀ èèyàn ni ibi tí gphoto2 ti rí kámẹ́rà, tó sì tún ní òun kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀: "Could not claim the USB device." Kò sí nǹkan tó ṣe kámẹ́rà. Ẹlòmíì ló ti dúró níwájú káńtà. Lójú ẹsẹ̀ tí okùn wọlé ni GVfs, òṣìṣẹ́ abẹ́lẹ̀ tó ń bá GNOME so nǹkan mọ́ kọ̀ǹpútà, ti sáré di kámẹ́rà mú kó lè fi àwòrán rẹ̀ hàn nínú ibi ìwo-fódà. Prógíráàmù méjì kò sì lè di ojú USB kan náà mú lẹ́ẹ̀kan. Kí èèyàn lọ tẹ àmì ìyọkúrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kámẹ́rà níbẹ̀, tàbí kó tẹ `gio mount -s gphoto2` ní terminal. GVfs á ju kámẹ́rà sílẹ̀, gphoto2 á sì ráyè wọlé. Kí wọ́n má ṣe yọ okùn kí wọ́n tún kì í bọ̀ ọ́, nítorí ńṣe ni GVfs á tún sáré dì í mú.

Ẹni tí ìyẹn bá ti sú lè yọ káàdì sínú káàdì rídà. Káàdì SD tí kò ju 2GB lọ máa ń lo FAT16 (ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń to fáìlì sínú káàdì), SDHC tó dé 32GB ń lo FAT32, SDXC tó ju bẹ́ẹ̀ lọ ń lo exFAT. FAT kò fún Linux ní wàhálà rí. exFAT ló pẹ́ kó tó wọlé: ẹ̀yà kernel 5.4 ní oṣù kọkànlá ọdún 2019 ló kọ́kọ́ gbé e wọlé, 5.7 ní 2020 sì fi èyí tí Samsung kọ rọ́pò rẹ̀.

Nínú káàdì, fódà DCIM ni fọ́tò ń gbé, nínú fódà kékeré bíi 100CANON tàbí 101MSDCF. Orúkọ fọ́tò kò ju IMG_0001.JPG lọ, bó bá sì ti ka dé 9999, á tún bẹ̀rẹ̀ láti 0001. Ewu ńlá nìyí. Fọ́tò ọdún yìí lè ní orúkọ kan náà pẹ̀lú ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Kọ̀ǹpútà á béèrè bóyá kí òun fi tuntun rọ́pò ti tẹ́lẹ̀, ẹni tó ń kánjú á tẹ bẹ́ẹ̀ ni, fọ́tò ìyá àgbà á sì bá ibẹ̀ lọ. Ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n ya fọ́tò ló yẹ kó di orúkọ rẹ̀. Inú fọ́tò náà ni kámẹ́rà kọ ọ́ sí, ní apá tí wọ́n ń pè ní Exif, prógíráàmù exiftool sì lè fi sọ gbogbo fọ́tò inú fódà lórúkọ lẹ́ẹ̀kan:

`exiftool '-FileName<DateTimeOriginal' -d '%Y%m%d_%H%M%S%%-c.%%e' .`

Kí wọ́n má gbára lé wákàtí tí ibi ìwo-fódà ń fi hàn. FAT kì í kọ agbègbè tí aago ti wá sílẹ̀, nítorí náà fọ́tò tí wọ́n yà ní aago mẹ́ta ọ̀sán ní Ìbàdàn lè fara hàn bí aago mẹ́rin, bí Linux bá kà á sí aago UTC, tí aago Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣíwájú. Ti inú Exif kì í yẹ̀, àyàfi bí aago kámẹ́rà fúnra rẹ̀ bá ti sọnù nítorí pé bátìrì ti kú pẹ́ nínú dúrọ́ọ̀.

Bí fọ́tò bá ṣèèṣì parẹ́ lórí káàdì FAT, kò tíì lọ. Báìtì àkọ́kọ́ orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sọ di E5, wọ́n sì kọ àyè rẹ̀ sílẹ̀ pé ó ṣófo. Fọ́tò fúnra rẹ̀ ṣì jókòó síbẹ̀ títí tí òmíràn á fi wá gbà á. Kí wọ́n má ya ẹyọ kan sí i lórí káàdì náà. PhotoRec, tí Christophe Grenier kọ, á ka káàdì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, á máa wá FF D8 tí gbogbo JPEG fi ń bẹ̀rẹ̀, á sì kó ohun tó bá rí sórí díìsì míì, nínú fódà recup_dir.1. Orúkọ àtijọ́ kò ní bá wọn bọ̀, ṣùgbọ́n Exif ṣì wà nínú wọn, exiftool òkè yẹn á sì fi ọjọ́ tí wọ́n ya kálukú sọ ọ́ lórúkọ.