Àwọn Olùdìbò Oxford: Bí Ipò Aṣojú Fásitì Ṣe Darí Ìṣèlú Gladstone

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó mọ orúkọ William Ewart Gladstone mọ̀ pé ìgbà mẹ́rin ni ó jẹ olóòtú ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lábẹ́ Ọbabìnrin Victoria, àti pé olórí ẹgbẹ́ Liberal ni. Ohun tí ó máa ń rú wọn lójú, gẹ́gẹ́ bí àwa tí a ń kọ́ni ní ìtàn ìṣèlú ti máa ń rí i, ni pé ọkùnrin kan náà ni ó kọ́kọ́ wọ ilé aṣòfin gẹ́gẹ́ bí ọ̀dọ́ Conservative tí kò fẹ́ kí a fọwọ́ kan ohunkóhun. Wọn a béèrè bóyá ó da ẹgbẹ́ rẹ̀ ni, tàbí bóyá ọgbọ́n ni ó ń kún un. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí a pa ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ tì ná, kí a wo àwọn tí ń dìbò fún un. Fún ọdún 18, láti 1847 títí di 1865, Gladstone kò ṣojú ìlú kankan ní ilé aṣòfin. Fásitì Oxford ni ó ń ṣojú.

Láti ayé Ọba James Kìíní ni Oxford àti Cambridge ti ní aṣojú méjì-méjì ní ilé aṣòfin. Kì í ṣe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń dìbò yìí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àwọn olùkọ́ nìkan. Ẹni tí ó bá ti gba oyè M.A., tí orúkọ rẹ̀ sì ṣì wà nínú ìwé fásitì, ni ó lẹ́tọ̀ọ́ sí ìbò, ibi yòówù kí ó máa gbé. Ẹnikẹ́ni tí kò bá sì fọwọ́ sí àkọsílẹ̀ ìgbàgbọ́ 39 ti Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lè gba oyè náà. Àbájáde rẹ̀ ni pé àwọn àlùfáà ìjọ, tí wọ́n fọ́n ká sí àwọn abúlé jákèjádò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pọ̀ gan-an láàárín àwọn olùdìbò. Èèwọ̀ tún ni kí olùdíje wá polongo ara rẹ̀ ní Oxford. Yóò dúró sí ilé rẹ̀ ni, kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa bá a kọ lẹ́tà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tí irú ipò bẹ́ẹ̀ yẹ tó Gladstone. Ìlú Liverpool ni wọ́n ti bí i ní 1809, ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Eton, ó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì Christ Church ní Oxford ní 1828, ó sì gba ipò kìíní nínú ẹ̀kọ́ Látìn àti Gíríìkì, ó tún gba ipò kìíní nínú ìṣirò, ní 1831. Ní ọdún yẹn kan náà ni ó sọ̀rọ̀ ní ẹgbẹ́ ìjíròrò àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí ó tako àbádòfin tí yóò fi ẹ̀tọ́ ìbò fún àwọn ènìyàn púpọ̀ sí i. Ọmọ Duke ti Newcastle wà níbẹ̀. Kò pẹ́ tí baba ọmọ náà fi ọwọ́ agbára rẹ̀ ti Gladstone lẹ́yìn ní ẹkùn ìdìbò Newark, ó sì wọlé ní 1832, kò tíì pé ọmọ ọdún 23. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó sọ ní ilé aṣòfin, ní 1833, ni èyí tí ó fi gbèjà oko baba rẹ̀ ní Demerara, ní ilẹ̀ Guyana ti òní, níbi tí àwọn ẹrú ti ń ṣiṣẹ́. Ó yẹ kí Yorùbá tí ń ka ìtàn rẹ̀ rántí èyí, nítorí pé nígbà tí Oxford fi oyè dókítà nínú ẹ̀kọ́ ìsìn dá Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther lọ́lá ní 1864, Crowther tí wọ́n ti tà lẹ́rú rí, Gladstone yìí ni aṣojú fásitì náà.

Nígbà tí Lord John Russell, olóòtú ìjọba nígbà náà, gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ ní 1850 láti yẹ ètò Oxford wò, Gladstone tako o. Ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe, èrò tirẹ̀ náà sì nìyẹn: fásitì ni kí ó tún ara rẹ̀ ṣe, kí ìjọba má dá sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjábọ̀ ìgbìmọ̀ náà jáde ní 1852, ó rí i pé bí ẹni tí ó fẹ́ràn Oxford kò bá ṣe é, ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀ yóò ṣe é. Ó ti di mínísítà ètò ìṣúná nígbà náà, síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ni ó ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú kíkọ òfin 1854. Òfin náà gba àkóso fásitì lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ àwọn olórí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó gbé e fún ìgbìmọ̀ tí a dìbò yàn, ó sì mú kí ọ̀pọ̀ ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún ọmọ agbègbè kan tàbí ìdílé kan di ti ẹni tí ó bá mọ̀wé jù.

Ibi tí mo fẹ́ kí òǹkàwé fara balẹ̀ sí nìyí. Àwọn aṣòfin mìíràn ni wọ́n ti gbólóhùn kan wọ inú òfin náà, èyí tí ó jẹ́ kí àwọn tí kì í ṣe ọmọ Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè wọ Oxford, kí wọ́n sì gba oyè B.A.; Gladstone kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n oyè M.A. ṣì wà ní títì mọ́ wọn, oyè M.A. sì ni ìbò. Nítorí náà, bí ilé ẹ̀kọ́ náà tilẹ̀ ti ń yí padà, àwọn olùdìbò rẹ̀ kò yí padà rárá. Gladstone ni ó ń yí padà láàárín wọn. Ní 1853, nígbà tí ó ní láti tún díje nítorí pé ó gba ipò mínísítà, ìbò 124 péré ni ó fi borí.

Wọ́n ní Palmerston, tí ó jẹ́ olóòtú ìjọba ṣáájú rẹ̀, sọ pé kí wọ́n fi Gladstone sílẹ̀ ní Oxford, nítorí pé bí ó bá wà níbẹ̀, okùn ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ní 1864, Gladstone sọ ní ilé aṣòfin pé ẹni tí kò bá ní àbùkù kan pàtó ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. Ní 1865, ó sọ̀rọ̀ nípa Ìjọ Áńgílíkà ní ilẹ̀ Ireland lọ́nà tí ó fi hàn pé kò gbà mọ́ pé ìjọba gbọ́dọ̀ máa gbé e ró. Òfin tuntun kan ti fàyè gba olùdìbò fásitì láti fi ìwé ìdìbò ránṣẹ́ láì kúrò ní abúlé rẹ̀. Àwọn àlùfáà fi ránṣẹ́. Nínú ìdìbò ọdún náà, Heathcote ní ìbò 3,236, Gathorne Hardy ní 1,904, Gladstone ní 1,724; àga méjì péré ni ó sì wà, Gladstone pàdánù tirẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń gbé ní Oxford gan-an, tí wọ́n mọ ohun tí ó ti ṣe fún fásitì, ti Gladstone lẹ́yìn, ṣùgbọ́n wọn kò tó nǹkan. Kí oṣù keje tó parí, ó ti dé Manchester, ó sọ fún àwọn ará South Lancashire pé òun dé láàárín wọn láìsí ìjánu lẹ́nu òun mọ́. Wọ́n yàn án.

Lẹ́yìn èyí, ohun tí kò lè dábàá lójú àwọn M.A. bẹ̀rẹ̀ sí í di òfin. Ó di olóòtú ìjọba ní 1868, ó gba ipò ìjọ ìjọba lọ́wọ́ Ìjọ Áńgílíkà ní Ireland ní 1869, ìjọba rẹ̀ sì ni ó ṣe òfin 1871 tí ó ṣí oyè M.A. àti ọ̀pọ̀ ipò olùkọ́ ní Oxford, Cambridge àti Durham fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, fásitì tún gbé e ṣubú, ti Ireland lọ́tẹ̀ yìí. Àbádòfin tí ó kọ láti da àwọn Kátólíìkì àti àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì pọ̀ sínú fásitì kan ní Dublin ní kí a má kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìsìn, ìmọ̀ ìwà ọmọlúàbí, tàbí ìtàn ayé òde òní nínú fásitì náà. Lójú tèmi, òun ni àbádòfin tí ó burú jù tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ta ni yóò fẹ́ fásitì tí ẹ̀rù ìtàn ń bà? Àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì kọ̀ ọ́, ilé aṣòfin sì fi ìbò 287 sí 284 dà á nù ní oṣù kẹta 1873. Gladstone kọ̀wé fipò sílẹ̀, Disraeli, olórí ẹgbẹ́ Conservative, kọ̀ láti gba ìjọba, ni Gladstone bá padà.

Ní ti Oxford, ìjà náà tán díẹ̀díẹ̀. Ní 1892, tí ó ti di olóòtú ìjọba lẹ́ẹ̀kẹrin, ó padà síbẹ̀ láti sọ àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọdọọdún tí wọ́n fi orúkọ Romanes pè, ó sì sọ̀rọ̀ nípa àwọn fásitì ayé àtijọ́. Àga àwọn aṣojú fásitì pẹ́ jù ú lọ. Òfin 1948 ni ó pa wọ́n rẹ́, nítorí pé wọ́n ń jẹ́ kí ẹni tí ó kàwé dìbò lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan ní àdúgbò rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan sí i fún fásitì rẹ̀, nígbà tí aládùúgbò rẹ̀ ní ìbò ẹyọ kan.