Ẹ́ńjìnì kọ́ ló gbé bàálù dúró lófurufú

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi rìmóòtù wa bàálù kékeré ní pápá gbalasa ẹ̀yìn Ìlọrin gbà pé ẹ́ńjìnì ló so ó rọ̀ lókè. Bó bá ti kú báyìí, wọ́n á yáa fa imú bàálù sókè kó má baà já bọ́. Fífà yẹn gan-an ló ń já a bọ́.

Afẹ́fẹ́ tó ń ṣàn gba orí apá ló gbé bàálù. Ẹ́ńjìnì kàn ń tì í síwájú kí afẹ́fẹ́ náà má dáwọ́ dúró ni. Bó bá kú, yíyọ́ wálẹ̀ ni yóò máa fún bàálù léré, bíi kẹ̀kẹ́ tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wà á. Ẹ fa imú sókè, eré á tán. Bí apá bá dojú sókè ju nǹkan bíi dìgíríì 15 lọ, kò ní í di afẹ́fẹ́ mú mọ́: ẹ̀gbẹ́ kan lè kọ́kọ́ rì, kí bàálù sì máa yí bọ̀ nílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ ti ọ̀pá tó ń darí imú síwájú díẹ̀, díẹ̀ péré, kí imú rẹlẹ̀. Ẹ fa ọ̀pá eré sí òdo. Ẹ jẹ́ kí apá méjèèjì dọ́gba. Ó di ìgbà tí bàálù bá kù bí orúnkún èèyàn sí ilẹ̀ kí ẹ tó máa fa imú, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Àṣìṣe tó burú jù ni yíyí padà síbi tí ẹ ti gbéra nígbà tí bàálù ò tíì ga. Tí apá bá dagun tó dìgíríì 60, eré tó nílò di ìlọ́po 1.4. Bí afẹ́fẹ́ bá tún wà lẹ́yìn rẹ̀, yóò dà bíi pé ó ń sáré lójú ẹni tó dúró nílẹ̀, nígbà tí eré ti tán lápá. Ẹ bà síwájú. Lásìkò ọyẹ́, àríwá ìlà-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti ń wá níhìn-ín, ọ̀hún náà lẹ ó sì dojú kọ tí ẹ bá ń gbéra. Kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹ ti wo ibi tí kò sí igi òrí tàbí òkìtì ọ̀gán lápá ibẹ̀. Koríko gíga lè ṣẹ́ abẹ̀bẹ̀ iwájú. Ọ̀gán á fọ́ gbogbo rẹ̀.

Ti oníbátìrì yàtọ̀ díẹ̀. Bí LiPo 3S, ìyẹn bátìrì tó ní ilé iná mẹ́ta nínú, bá sún mọ́ 3 V ní ilé kọ̀ọ̀kan, ESC, ẹ̀rọ tó ń bu iná fún mọ́tò, á gé iná mọ́tò, ṣùgbọ́n yóò fi èyí tó kù sílẹ̀ fún servo, mọ́tò kékeré tó ń yí ìdarí bàálù, kí ẹ ṣì lè darí bàálù. Àwọn kan á fa ọ̀pá eré sí òdo, wọ́n á tún gbé e sókè láti rí iná díẹ̀ gbà. Léraléra, servo náà á kú, kò sì sí ohun tẹ́ ẹ lè fi darí rẹ̀ mọ́.

Ẹ fi ṣe ìdánrawò lókè réré, kẹ́ ẹ dín eré kù kẹ́ ẹ wo bó ṣe ń yọ́. Ẹ́ńjìnì olépo tí a dín kù ṣì ń fà díẹ̀. Èyí tó kú pátápátá máa ń tètè wálẹ̀ jù ú lọ. Tó bá balẹ̀, ẹ yọ bátìrì bàálù ná, kẹ́ ẹ tó pa rìmóòtù.