Reboot òjijì: kí ló ń ṣe firewall tó ń kú, tó ń jí?

Íntánẹ́ẹ̀tì ṣàdédé lọ. Ìpè fídíò já lẹ́nu ọ̀rọ̀, fáìlì tí ẹnìkan ń fi ránṣẹ́ dúró sí agbedeméjì, oníkálukú sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi ẹnìkejì rẹ̀ pé, "Ṣé tìẹ náà ti lọ?" Bí ìṣẹ́jú mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó padà dé. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Nígbà tí ẹni tó ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé sórí firewall, ìlà kan péré ló là á lójú: uptime, ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ̀rọ tó ti ń ṣiṣẹ́ bọ̀ láti oṣù mẹ́jọ láì sinmi ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni.

Ohun tí à ń pè ní reboot òjijì nìyẹn. Firewall ni aṣọ́bodè nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Gbogbo ohun tó ń ti íntánẹ́ẹ̀tì wọlé àti èyí tó ń jáde lọ, iwájú rẹ̀ ni wọ́n ń gbà, òun ló sì ń sọ èyí tó máa kọjá àti èyí tó máa padà sẹ́yìn. Bó bá kú, ẹnu ọ̀nà tì nìyẹn. Reboot fúnra rẹ̀ kì í ṣe àrùn. A máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bí a bá fi firmware tuntun sí i, ìyẹn software tó ń gbé ẹ̀rọ náà rìn. Èyí tí a kò pàṣẹ rẹ̀ ló ń bani lẹ́rù. Àmì àìsàn ni, àìsàn bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà ló sì ń ní àmì kan náà.

Uptime ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó ro ohun mìíràn. Iye àkókò tí ẹ̀rọ ti lò láti ìgbà tó jí kẹ́yìn ni. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ láàárọ̀ yìí, tí uptime firewall sì ṣì ń ka ọjọ́ 200, firewall kò kú rárá. Ọ̀nà tó ti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì wá ló já, tàbí súwíìṣì nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà láàárín. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti pààrọ̀ firewall tí kò ṣẹ̀, nítorí pé kò sẹ́ni tó wo nọ́ńbà kan yìí.

Bó bá wá dájú pé ó kú lóòótọ́, ìbéèrè kan ló ṣe kókó ju gbogbo ìyókù lọ: ṣé iná ló já mọ́ ọn lára, àbí òun ló pa ara rẹ̀? Inú log ni ìdáhùn wà, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀rọ ń ṣe nípa ara rẹ̀. Ẹ ka ìlà tó gbẹ̀yìn kó tó kú. Bó bá jẹ́ pé ènìyàn ló pàṣẹ, tàbí ètò tó ń fi àtúnṣe sí i lóru, log á sọ ọ́. Bó bá jẹ́ pé software ló dàrú, ẹ sábà máa rí igbe tó ké: kernel panic, tí mo máa ṣàlàyé níwájú, tàbí crash dump, fáìlì tó fi sílẹ̀ nípa bó ṣe ṣubú. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé iná ló lọ, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Ní ìlà kan, ó ń kọ pé ẹnìkan ṣí ojúlé wẹ́ẹ̀bù. Ní ìlà tó tẹ̀ lé e, ó ń kọ pé òun ń jí. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ni ẹ̀rí.

Iná ni èmi máa ń kọ́kọ́ fura sí. Mo rántí firewall kékeré kan tó máa ń kú láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ nìkan. Bó bá di òpin ọ̀sẹ̀, ara rẹ̀ á yá. Gbogbo èèyàn ní firmware ni, wọ́n sì ti yí i padà lẹ́ẹ̀mejì. Mo so mítà mọ́ wáyà adapter rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń fún un ní iná, nígbà tí iṣẹ́ kò pọ̀: volt 12.1, bó ṣe yẹ kó rí. A dúró di àárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ láti ilé gba VPN, ọ̀nà àṣírí orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, tí processor, ọpọlọ ẹ̀rọ náà, sì gbájú mọ́ ìṣirò tó fi ń bo ọ̀rọ̀ wọn ní àṣírí. Mítà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀: 11.6, 11.2, 10.7. Gbogbo iná iwájú ẹ̀rọ náà kú, wọ́n sì tún tàn. Adapter náà ti gbó. Ó lè gbé ẹ̀rọ tó ń sinmi, kò lè gbé èyí tó ń ṣiṣẹ́. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń ṣe láti bí oṣù kan nìyẹn.

Ẹ wo UPS náà dáadáa, ìyẹn àpótí bátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ bí iná bá lọ. Àwọn kan nínú wọn máa ń dán ara wọn wò lóòrèkóòrè, wọ́n á gbé ẹrù sórí bátìrì fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Bí bátìrì bá ti kú, UPS tí ẹ rà kó lè gba firewall là ló ń pa á yẹn. Ooru náà ń pa ẹ̀rọ: eruku á dí fáànù, processor á gbóná kọjá ààlà, á sì kú kó má baà jóná.

Bó bá jẹ́ kernel panic, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Kernel ni ọkàn software: òun ló ń pín mẹ́mọ́rì, òun ló ń pín àkókò processor. Bó bá rí ohun kan nínú mẹ́mọ́rì tó ta ko ohun tó mọ̀, tí kò sì mọ èyí tí òun tún lè gbára lé, á dá iṣẹ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Ó le létí, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà níbẹ̀: aṣọ́bodè tí orí rẹ̀ ti dàrú kò yẹ kó máa ṣílẹ̀kùn. Àṣìṣe firmware lè fà á, RAM tó bàjẹ́, ìyẹn mẹ́mọ́rì ẹ̀rọ, náà lè fà á. Ẹ kó crash dump mẹ́ta jọ kí ẹ fi wọ́n wé ara wọn. Àṣìṣe software sábà máa ń ṣubú síbì kan náà. RAM tó bàjẹ́ kì í níbì kan, lónìí níhìn-ín, lọ́la lọ́hùn-ún.

Watchdog tún ń dẹ́rù ba àwọn ènìyàn nínú log. Aago kékeré kan ni nínú ẹ̀rọ, tó ń kà sẹ́yìn. Software gbọ́dọ̀ máa dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀ lóòrèkóòrè, láti fi hàn pé òun ṣì wà láàyè. Bí software bá há, tí aago sì kà dé òdo, watchdog á tún ẹ̀rọ tàn tipátipá. Nítorí náà, ẹ má bá watchdog jà, ẹ wá ohun tó há. Àwọn kan máa ń pa á. Mi ò fara mọ́ ọn rárá, torí ẹ̀rọ tó bá há lẹ́yìn ìyẹn kò ní jí mọ́ títí ẹnìkan á fi rìn dé ìdí rẹ̀.

Àkókò tó wà láàárín ikú kan sí èkejì náà ń sọ̀rọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí iṣẹ́ kan nínú ẹ̀rọ bá ń yá mẹ́mọ́rì láì dá a padà, àwòrán mẹ́mọ́rì á máa gòkè bí àkàbà, á já wálẹ̀ lọ́jọ́ tó kú, á tún bẹ̀rẹ̀. Òǹkà tí ẹ̀rọ fi ń ka àkókò náà lè kún: nọ́ńbà tó bá jẹ́ bit 32 kò lè kà kọjá 4,294,967,295 kó tó padà sí òdo. Bó bá ń ka ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, á kún ní ọjọ́ 49.7; bó bá ń ka ìdá ọgọ́rùn-ún, ọjọ́ 497 ni. Lọ́dún 2017, Cisco kìlọ̀ pé àwọn ẹ̀dà software kan lórí firewall rẹ̀ tó ń jẹ́ ASA máa ń dẹ́kun láti jẹ́ kí nǹkan kọjá lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 213 láì reboot. Níbẹ̀, reboot gan-an ni oògùn ìgbà díẹ̀, títí àtúnṣe fi dé.

Ẹnìkan sì lè máa pa á láti ìta. Ní oṣù Kejìlá 2024, Palo Alto Networks, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe firewall, kéde àléébù CVE-2024-3393 nínú ètò ààbò rẹ̀ tó ń jẹ́ DNS Security: packet, ìyẹn ègé ìsọfúnni orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tí aṣebi ṣe lọ́nà àrékérekè, tó bá gba inú firewall kọjá, lè mú un reboot. Bí wọ́n bá ń rán an léraléra, firewall á wọ maintenance mode, ìyẹn ipò àtúnṣe tí kò ti ní ṣiṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Nítorí èyí, bí firmware yín bá ti pẹ́, ẹ ka àwọn ìkéde ẹni tó ṣe é kí ẹ tó tú ẹ̀rọ palẹ̀.

Àwọn tó ní firewall méjì, tí ọ̀kan ń gba iṣẹ́ bí èkejì bá kú, ni mò ń bẹ̀rù fún jù. Àwọn tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Èkíní lè máa kú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, títí ọjọ́ tí méjèèjì á jọ kú.

Ọ̀pọ̀ firewall kékeré ló ń fi log sínú RAM nìkan, bí wọ́n bá sì ti kú, log bá wọn lọ. Ẹ máa fi log ránṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn pẹ̀lú syslog, èyí tó sábà máa ń gba UDP port 514. Ẹ fi NTP, ètò tó ń gba aago tó péye látorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tún aago ṣe, torí ẹ̀rọ tí bátìrì aago rẹ̀ ti kú lè jí kó máa sọ pé 1970 la wà, ẹ ò sì ní mọ ìgbà tí ohun kankan ṣẹlẹ̀. Syslog kì í sábà gbé igbe ìkẹyìn kernel, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń kú lọ nígbà yẹn. Wáyà console, èyí tí a ń so tààrà mọ́ ẹ̀rọ láì gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ló ń gbé e. Ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà kan tó ń pa gbogbo ohun tó bá rí mọ́, kí ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ di òru. Kí kọ̀ǹpútà náà wà lórí UPS mìíràn, torí bí iná bá pa àwọn méjèèjì pọ̀, kò ní sí ẹni tó máa sọ aago tó ṣẹlẹ̀.