Góòlù Àlòkù Nínú Ilé Olóògbé

Ní Amẹ́ríkà, bí àgbàlagbà bá kú, tàbí tí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú arúgbó, àwọn ọmọ a máa mú ohun tó wù wọ́n, wọ́n á sì pe àwọn tó ń tajà ilé kí wọ́n wá lẹ owó mọ́ ìyókù, títí dórí ṣíbí. Wọ́n á ṣílẹ̀kùn ilé náà fún gbogbo ayé fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Estate sale ni wọ́n ń pè é. Ní ti garage sale, onílé fúnra rẹ̀ ló ń pàtẹ síwájú ilé.

Bí wọ́n bá ní aago mẹ́sàn-án làwọn máa ṣí, ilẹ̀ ò ní í tíì mọ́ tí àwọn alárọ́bọ̀ á ti tò síbẹ̀. Nọ́ńbà ni wọ́n sábà máa ń pín. Ilé tó bá ń gba èèyàn 20 lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó di nọ́ńbà 21 mú á máa wo ojú ilẹ̀kùn títí ẹnì kan á fi jáde. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń gbé ìwé orúkọ tiwọn síta láti òru. Àwọn tó ń tajà lè tẹ̀ lé e, wọ́n sì lè fà á ya. Ibẹ̀ ni ariwo ti ń sọ.

Ìdí àpótí dígí tí wọ́n ń kó góòlù sí ni ọ̀pọ̀ ń sáré sí. Àmọ́ wọ́n ti wọn ohun tó wà níbẹ̀, wọ́n sì ti wo iye tí góòlù rẹ̀ tó kí wọ́n tó lẹ owó mọ́ ọn, èrè ibẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Agolo bọ́tìnnì, àpótí ìránṣọ àti ọ̀rá tí ẹ̀gbà ọrùn ti lọ́ mọ́ra wọn ni ibi tí ojú lè fò. Ohun tó bá sì wà lọ́wọ́ ẹni ni tẹni: gbé e kalẹ̀ láti gbé fóònù, ó ti dọwọ́ ẹlòmíràn.

Àmì ara góòlù ni kí wọ́n kọ́kọ́ wá, lára ìkọ́ ẹ̀gbà tàbí nínú òrùka. 585 ni 14K (ìyẹn ni pé nínú ìdá 1,000, 585 ni góòlù; K ni kárátì, òṣùwọ̀n bí góòlù ṣe mọ́ tó), 750 ni 18K, 925 sì ni fàdákà gidi. Níbi tí aláìmọ̀ ti máa ń bọ́ sọ́fìn ni "1/20 14K GF" (GF ni gold-filled, irin mìíràn tí wọ́n fi góòlù bò): 14K nìkan lojú rẹ̀ máa ń rí. Idẹ ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Góòlù 14K tí wọ́n fi bò ó jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú 20 ìwọ̀n rẹ̀. Òòfà tí wọ́n fi ń dán góòlù wò náà ò gba aláìmọ̀ sílẹ̀ tán, torí òòfà ò lè fa idẹ, bẹ́ẹ̀ ló sì lè fa sípíríǹgì inú ìkọ́ ẹ̀gbà tó jẹ́ góòlù gidi. Péálì ńkọ́? Eyín ni wọ́n fi ń dán an wò: ojúlówó á dà bí iyanrìn lẹ́yín, ti dígí á máa yọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìṣirò. Ẹ̀gbà ọwọ́ 14K tó wọn gíráàmù 10, góòlù inú rẹ̀ kò pé gíráàmù 6. Áúnsì tí wọ́n fi ń dá iye góòlù jẹ́ gíráàmù 31.1, ti ilé ìdáná sì jẹ́ 28.35, ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ á rò pé góòlù òun pọ̀ ju bó ṣe jẹ́ lọ.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn tó ń tajà kì í sábà fẹ́ kí èèyàn ná ọjà. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, ọ̀pọ̀ wọn máa ń tà á ní ìdajì owó. Àpótí dígí á ti ṣófo, agolo bọ́tìnnì lè wà níbẹ̀ síbẹ̀.