Irun Tí Kò Já Sílẹ̀, Ara Ajá Ló Wà

Ẹ̀yin tọkọtìyàwó tí ẹ ń sáré láràárọ̀, tí ẹ ń wá ajá, tí ẹ kò sì fẹ́ rí irun rẹ̀ lórí àga, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé gbé ajá funfun onírun wúruwùru wá bá mi pé Lhasa ni, ajá kékeré onírun gígùn tí irun rẹ̀ kì í já sílẹ̀ púpọ̀. Èyí tí wọ́n gbé wá kẹ́yìn, American Eskimo ni, ẹ̀yà ajá mìíràn tí irun rẹ̀ ń já gan-an. Irun ti kún inú ọkọ̀ wọn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi.

Bó bá jẹ́ èmi ni, n kò ní mú Lhasa gan-an fún ilé tí ẹsẹ̀ wọn kì í dúró. Poodle ńlá, ẹ̀yà ajá onírun kíká, ni màá mú, èyí tí gíga rẹ̀ ní èjìká ju sẹ̀ǹtímítà 38 lọ. Ẹ má wo oge tí wọ́n fi irun rẹ̀ ṣe. Ajá ọdẹ ni, òun ló ń wọ omi lọ gbé pẹ́pẹ́yẹ tí ọdẹ yìnbọn fún. Ẹni tó bá fẹ́ irun kúkúrú, kó wá Basenji, ẹ̀yà ajá láti Kóńgò. Kì í gbó bí ajá yòókù, ó sì ń fi ahọ́n wẹ ara rẹ̀ bí ológbò. Ẹ ṣáà má tú u lókùn níta.



Irun ni ká sọ. Irun poodle náà ń já, àmọ́ inú èyí tó ká kò yẹn ló ń há sí. Bí ẹ kò bá yà á, á lọ́, á dì, títí á fi lẹ̀ mọ́ awọ. Omi ìwẹ̀ á dúró síbẹ̀, ooru á mú un, awọ á bó, eṣinṣin á sì yé ẹyin sí i. Búrọ́ọ̀ṣì tí ẹ ń fi gbá òkè irun kò ṣe nǹkan kan! Òòyà irin ni, kó dé ìdí irun: ẹ̀yìn etí, abíyá, itan, ibi tí okùn ọrùn ti ń rá a. Kí ẹ tó wẹ̀ ẹ́ ni o, nítorí omi a máa mú irun tó lọ́ le sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e.

Àwọn tó ń tà á á ní ajá yìí kì í fa àlẹ́jì, ìyẹn kí ara ènìyàn má gba ajá. Irọ́ ni! Itọ́, ìtọ̀ àti èépá ara ajá ló ń fà á, gbogbo ajá ló sì ní wọn. Ní 1989, ní Australia, Wally Conron, tó ń sin ajá amọ̀nà afọ́jú, mú poodle gun Labrador, ẹ̀yà ajá mìíràn, nítorí obìnrin afọ́jú kan ní Hawaii tí ara ọkọ rẹ̀ kò gba ajá. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí. Ọ̀kan ṣoṣo ni ara ọkùnrin náà gbà. Ẹni tó bá sì ní irun ajá ni kò jẹ́ kí ìyàwó òun lóyún, kó lọ bá dókítà ènìyàn.

Oníbàárà mi kan gbé poodle dé, dúdú kirikiri. Ara ń yún ajá náà, ẹni tó tà á fún un ló ní kó fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti jó pa á lára. Eégbọn kankan kò sí níbẹ̀. Nígbà tí mo gé irun tó dì náà kúrò, ìdin ló wà lábẹ́ rẹ̀, ajá sì ti lá ọ́ìlì títí ó fi ń bì. Májèlé ni ọ́ìlì yẹn, yálà ó gba awọ wọlé tàbí ẹnu. Bí ẹnikẹ́ni bá ti fi pa ajá yín, ọṣẹ ìfọ abọ́ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ má jẹ́ kó lá ara rẹ̀, kí ẹ gbé e wá lọ́jọ́ náà. Ẹ má sì rọ epo pupa sí i lẹ́nu.