Bí Orin Ṣe Ń Ṣílẹ̀kùn Tẹlifíṣọ̀n: Iṣẹ́ Linn da Quebrada ní Bràsíl

Ní ilẹ̀ Bràsíl, ẹni tó bá fẹ́ hàn nínú eré tẹlifíṣọ̀n tàbí sinimá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí ojúure ẹni tó kọ eré, ẹni tó ń yan òṣèré àti ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ náwó sí i. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti kọ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ẹni tó lórin lẹ́nu lè gbà á sílẹ̀ nínú yàrá, kí ó sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì láì tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìyàtọ̀ yìí ló mú kí púpọ̀ nínú àwọn òṣèré Bràsíl tí wọ́n kọ ọkùnrin sínú ìwé ìbí wọn, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń gbé ayé ní obìnrin, gba ọ̀nà orin dé ojú àwòrán. Iṣẹ́ Linn da Quebrada fi bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn kedere. Ọdún 1990 ni wọ́n bí i ní São Paulo. Travesti ló ń pe ara rẹ̀, orúkọ tí àwọn ènìyàn fi bú irú wọn fún ìgbà pípẹ́, kí àwọn tó ń jẹ́ ẹ tó sọ ọ́ di orúkọ iyì.

Kí a tó lè mọ ìdí tí orin fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a mọ bí wọ́n ṣe ti ilẹ̀kùn tẹlifíṣọ̀n àti sinimá pa. Ní ọdún 1977, òṣèré kan tí ń jẹ́ Cláudia Celeste rí ipò nínú eré àtìgbàdégbà kan lórí TV Globo. Ìjọba ológun ló wà lórí àlééfà nígbà náà, àwọn tí ìjọba fi ṣọ́ ètò tẹlifíṣọ̀n kò sì gbà kí travesti hàn níbẹ̀. Bí ìwé ìròyìn ṣe tú u síta pé travesti ni Cláudia, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú eré náà, ó sì tó nǹkan bí ọdún mọ́kànlá kí ó tó tún rí ipò gidi nínú irú eré bẹ́ẹ̀, ní iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n mìíràn. Ìjọba ológun kógbá sílé ní ọdún 1985, ṣùgbọ́n àṣà náà kò bá a lọ: bí eré bá tilẹ̀ ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú, ẹlòmíràn ni wọ́n sábà máa ń gbé ipò náà fún. Ní ọdún 2017, àwọn òṣèré tí ọ̀rọ̀ náà kàn, Renata Carvalho sì wà lára àwọn aṣáájú wọn, dá ẹgbẹ́ MONART sílẹ̀ láti bèèrè pé kí wọ́n máa fi ipò wọn fún wọn. Ẹ̀tọ́ ni wọ́n ń bèèrè, nítorí ẹni tí kò bá rí ipò tó jọ tirẹ̀ gbà, tí wọn kò sì jẹ́ kó ṣe ipò ẹlòmíràn, kò níṣẹ́ lọ́wọ́ rárá.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ wà báyìí ni Linn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé orin jáde, ní ọdún 2016. Funk ló fi bẹ̀rẹ̀, orin tí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò tálákà ní Rio àti São Paulo ń kọ. Ìlù tí a fi kọ̀ǹpútà ṣe àti ohùn ènìyàn kan ti tó fún un, nítorí náà owó tó ń gbà kò pọ̀. Fídíò tó bá orin rìn lórí YouTube ṣe iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó sọ orin náà di mímọ̀, ó sì fi ojú, ìdúró, ijó àti ọ̀rọ̀ ẹnu Linn han ẹnikẹ́ni tó bá ń wá òṣèré. Linn kò tíì wọ ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kankan, àwòrán rẹ̀ ti ń rìn kiri.

Àwo orin odindi nílò owó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni ìdáwójọ orí íntánẹ́ẹ̀tì ti wọlé. Olórin á ṣe fídíò kúkurú, á sọ iye tí iṣẹ́ náà máa ná, á sì to ohun tí olùdáwó kọ̀ọ̀kan máa gbà lẹ́sẹẹsẹ: ẹni tó dá díẹ̀ lè gba orin náà ṣáájú àwọn ará ìta, ẹni tó dá púpọ̀ lè gba ẹ̀wù tàbí tíkẹ́ẹ̀tì. Kò dà bí èsúsú tí owó máa ń yí po padà sọ́wọ́ ẹni tó dá a. Iṣẹ́ tó jáde ni èrè rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fiyè sí ni pé orúkọ àwọn olùdáwó yìí wúlò ju owó wọn lọ, nítorí ó jẹ́ ẹ̀rí fún àwọn tó ń ṣètò agbo orin àti àwọn tó ń ṣe fíìmù pé olórin náà ní èrò lẹ́yìn. Ọ̀nà yìí ni Linn gbà ṣe àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, Pajubá, tó jáde ní ọdún 2017, tí BadSista sì ṣètò ìró rẹ̀.

Orúkọ àwo náà kan àwa Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Pajubá ni èdè abẹ́lẹ̀ tí àwọn travesti Bràsíl ń sọ láàárín ara wọn, inú ilé òrìṣà Candomblé ni wọ́n sì ti kó púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ ti pa èdè wọn mọ́ fún ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Ọ̀pọ̀ travesti rí ibi forí pamọ́ sí nínú àwọn ilé òrìṣà yìí nígbà tí ìdílé wọn lé wọn jáde. Bí ọlọ́pàá bá ń bọ̀, ọ̀rọ̀ tí ọlọ́pàá kò gbọ́ ni wọ́n fi ń ta ara wọn lólobó. Ajeum ni wọ́n ń pe oúnjẹ, otim ni wọ́n ń pe ọtí, equê sì ni irọ́. Etí ọmọ Yorùbá kò nílò ògbufọ̀ fún àwọn wọ̀nyí. Ohun tí Linn ṣe ni pé ó gbé èdè tí wọ́n fi ń sá pamọ́ wá sí gbangba, ó sì kọ ọ́ sára àwo orin. Ní ọdún 2018, ìbéèrè kan lórí Pajubá jáde nínú ENEM, ìdánwò tí àwọn ọmọ Bràsíl fi ń wọ yunifásítì, ariwo sì sọ káàkiri orílẹ̀-èdè náà.

Láti orí ìtàgé orin ni sinimá ti wá mú un. Claudia Priscilla àti Kiko Goifman darí fíìmù Bixa Travesty, tó sọ ìtàn ìgbésí ayé Linn ní tòótọ́, Linn fúnra rẹ̀ sì wà lára àwọn tó kọ ọ́. Èyí ṣe kókó. Nínú irú fíìmù bẹ́ẹ̀, ẹni tí wọ́n ń yà sábà máa ń jẹ́ ohun èlò lásán lọ́wọ́ olùdarí, ṣùgbọ́n Linn ti ní orin, ó ti ní èrò lẹ́yìn, ó sì lè sọ bí òun ṣe fẹ́ kí wọ́n rí òun. Àwọn àwòrán tó ti fúnra rẹ̀ yà ní ọsibítù, nígbà tí ó ń gba ìtọ́jú àrùn jẹjẹrẹ, wà nínú fíìmù náà pẹ̀lú àwọn agbo orin rẹ̀. Ní ọdún 2018, fíìmù náà gba ẹ̀bùn Teddy fún fíìmù ìtàn òtítọ́ ní àjọ̀dún sinimá Berlin, ní Jámánì. Ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ máa ń gbé fíìmù kiri àwọn àjọ̀dún mìíràn, ibi tí fíìmù bá sì dé ni orúkọ olórin inú rẹ̀ ń dé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni tẹlifíṣọ̀n wá, ó sì wá ní ìpele-ìpele. Canal Brasil, tí àwọn tó ń san owó nìkan ń wò, ló kọ́kọ́ fún Linn àti Jup do Bairro, olórin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ní ètò ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tiwọn ní ọdún 2019, TransMissão. Ọdún náà ni TV Globo, tí gbogbo ìlú ń wò lọ́fẹ̀ẹ́, fún un ní ipò Natasha nínú Segunda Chamada, eré tó dá lórí àwọn àgbàlagbà tó ń kàwé ní ilé-ìwé alẹ́. Iléeṣẹ́ kan náà tó yọ Cláudia Celeste kúrò nínú eré ló wá pe Linn wọlé.

Ìpele tó mú un dé ilé gbogbo ará Bràsíl ni Big Brother Brasil ti ọdún 2022. Ètò náà pín àwọn olùgbé ilé sí méjì: àwọn tí ìlú kò mọ̀ rí, àti àwọn gbajúmọ̀ tí wọ́n pè wá. Àwọn òǹwòran ló ń dìbò lé ènìyàn jáde. Ariadna Arantes, ẹni àkọ́kọ́ irú wọn nínú ètò náà, wọlé láì lórúkọ ní ọdún 2011, òun sì ni wọ́n kọ́kọ́ dìbò lé jáde. Linn wọlé pẹ̀lú àwo orin méjì, nítorí Trava Línguas ti jáde ní ọdún 2021, pẹ̀lú fíìmù àti ogunlọ́gọ̀ olólùfẹ́, ó sì lò ju oṣù méjì lọ. Níwájú orí rẹ̀ ni wọ́n fín ọ̀rọ̀ náà “ela” sí. Èdè Potogí máa ń ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin níbi tí àwa máa ń sọ “òun” fún gbogbo ènìyàn, “ela” sì ni ti obìnrin. Nígbà tí àwọn kan nínú ilé ṣì ń fi ti ọkùnrin pè é, atọ́kùn ètò náà bi í lójú gbogbo ayé bí ó ṣe fẹ́ kí wọ́n máa pe òun. Linn dáhùn pé nítorí ìyá òun ni òun ṣe fín ọ̀rọ̀ náà, nítorí ìyá rẹ̀ pàápàá ti máa ń ṣì í pè. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ ìwé kò lè fi yé ìlú, ìṣẹ́jú díẹ̀ yìí fi yé wọn.

Liniker, olórin mìíràn irú wọn tí wọ́n bí ní Araraquara, gba ọ̀nà tó fara jọ èyí. Fídíò orin rẹ̀ tàn kálẹ̀ lórí YouTube ní ọdún 2015; ní ọdún 2021 ó di òṣèré àgbà nínú Manhãs de Setembro lórí Prime Video, níbi tó ti ṣe Cassandra, obìnrin tó ń fi alùpùpù jíṣẹ́ ní ọ̀sán tó sì ń kọrin ní alẹ́; ní ọdún 2022 ó gba ẹ̀bùn orin Latin Grammy. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2024, nígbà tí TV Globo tún eré àtìgbàdégbà Renascer ti ọdún 1993 ṣe, Gabriela Medeiros, tí òun náà jẹ́ obìnrin irú wọn, ni wọ́n fún ní ipò Buba, inú iṣẹ́ eré gan-an ni wọ́n sì ti mú un, kì í ṣe inú orin.